Iná tí wọ́n pa, tí kò kú

Nígbà tí iná ṣẹ́ẹ̀kì ẹ́ńjìnì bá tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, gbólóhùn tó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu àwa onímọ́tò ni, "Ọ̀gá, ẹ bá mi pa iná yìí." Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni nínú wa sọ pé, "Ẹ bá mi wo ohun tó tan iná yìí." Bí a bá sì ṣe bẹ mẹ́káníìkì ló ṣe máa ṣe é: á pa iná, á gbowó, a ó sì máa lọ sílé. Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà, iná á tún yọjú. A ó bínú, a ó ní ọ̀gá yẹn kò mọṣẹ́, a ó wa ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn, gbólóhùn kan náà la ó sì tún sọ fún un. Iná yìí dá mi lágara fún ìgbà pípẹ́ lára ọkọ̀ tèmi, ó sì jẹ́ kí n ronú jinlẹ̀ lórí ohun tí à ń rà gan-an nígbà tí a bá san owó àtúnṣe. Ohun tí mo rí ni pé owó ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń san.

Iná pupa yàtọ̀ o. Èyí tó ya àwòrán kẹ́tùlù epo ẹ́ńjìnì, tàbí èyí tó ń sọ pé ẹ́ńjìnì ti gbóná jù, àṣẹ ni wọ́n: kí awakọ̀ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, kó pa ọkọ̀ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ́ńjìnì má baà nọ́ọ̀kì. Èyí tí mò ń sọ ni iná tó ní àwọ̀ ọsàn tó pọ́n, tó ya àwòrán ẹ́ńjìnì. Ọkọ̀ á ṣì máa rìn. Ẹ̀rọ amúlétutù á ṣì máa fẹ́. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Nítorí kí a lè rí igi náà ní òkèèrè ni wọ́n ṣe fi iná yìí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí kò bá dá wa dúró lójú ọ̀nà, ó máa ń pẹ́ kó tó jọ wá lójú.

Tòkunbọ̀ ni ọkọ̀ mi, Toyota Corolla ọdún 2005 tó ti ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà kó tó gba orí òkun wá. Ọ̀nà Ọ̀yọ́ ni mo ti ń bọ̀ wá sí Ìbàdàn nígbà tí iná náà kọ́kọ́ tàn. Ọkọ̀ kò kọṣẹ́. Ohun tí mo ṣàkíyèsí kò ju pé bí mo bá dúró nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ẹ́ńjìnì á máa gbọ̀n díẹ̀díẹ̀, bí mo bá sì ti tẹná mọ́ ọn, ìgbọ̀nrìrì náà á lọ. Mẹ́káníìkì àkọ́kọ́ tí mo gbé e dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ tú orí bátìrì, ó ní kí a ṣe sùúrù díẹ̀, ó sì so ó padà. Iná kú. Ó ní, "Dádì, ó ti tán." Owó tó gbà kò tó nǹkan, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí iná fi padà.

Ó yẹ kí gbogbo onímọ́tò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbi orí bátìrì yẹn. Láti ọdún 1996 ni òfin Amẹ́ríkà ti sọ ọ́ di dandan pé kí gbogbo ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun tí wọ́n ń tà níbẹ̀ ní ètò kan náà tí wọ́n á fi máa yẹ ara wọn wò, kí ojú ihò tí a ń ki síkánà, ìyẹn ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ka ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà ọkọ̀, bọ̀ lábẹ́ ìdarí ọkọ̀ sì jẹ́ irú kan náà. Kọ̀ǹpútà ọkọ̀, èyí tí àwọn mẹ́káníìkì wa ń pè ní brain box, ló ń ṣe àyẹ̀wò yìí bí a ti ń rìn. Kì í sábà sáré tan iná. Bí ó bá rí àléébù kan lẹ́ẹ̀kan, á fi pamọ́ sínú ìrántí rẹ̀. Bí ó bá tún rí i nígbà tí a bá tún wa ọkọ̀ jáde, ìgbà yẹn ni iná á tàn. Bákan náà ló sì ń pa á: bí ìrìn 3 bá tẹ̀lé ara wọn tí kò rí àléébù náà mọ́, á pa iná fúnra rẹ̀. Síbẹ̀ kò ní gbàgbé. Kóòdù, ìyẹn lẹ́tà àti nọ́ńbà tó fi ń dárúkọ àléébù náà, á ṣì wà nílẹ̀ títí ẹ́ńjìnì yóò fi gbóná nígbà 40 láìtún rí àléébù náà. Iná yìí mọ ọ̀nà tó ń gbà kú. Bí ohun tó ń ṣe ọkọ̀ bá ti lọ, a kò nílò ẹni tó máa bá wa pa á.

Nígbà tí wọ́n bá tú orí bátìrì, tàbí tí wọ́n fi síkánà pa kóòdù rẹ́ kí wọ́n tó kọ ọ́ sílẹ̀, ohun tó ń lọ ju kóòdù lọ. Kọ̀ǹpútà náà ti kọ ipò tí ọkọ̀ wà nígbà tí àléébù náà ṣẹlẹ̀ sílẹ̀: bí ó ti ń sáré tó, bí ẹ́ńjìnì ti gbóná tó, bí ó ti ń yí tó ní ìṣẹ́jú kan. Gbogbo rẹ̀ á pa rẹ́. Àwọn ìdánwò tó ti ṣe fún ara rẹ̀ náà á pa rẹ́, á sì ní láti bẹ̀rẹ̀ wọn látìbẹ̀rẹ̀. Òmíràn nínú ìdánwò yìí kì í ṣeé ṣe àfi kí ọkọ̀ ti sùn mọ́jú kí ẹ́ńjìnì sì tutù. Òmíràn ń fẹ́ kí a wà á lọ geere lójú ọ̀nà márosẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Nítorí náà ọjọ́ á gorí ọjọ́ kó tó parí wọn. Àwọn ọjọ́ tí kọ̀ǹpútà ń wádìí lọ́wọ́ yẹn ni àwa ń pè ní "ó ti tán." Ní àwọn ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà tí wọ́n ti ń yẹ èéfín ọkọ̀ wò lọ́dọọdún tàbí ní ọdún méjì-méjì, wọ́n mọ ọgbọ́n yìí dáadáa. Bí ọkọ̀ ọdún 2001 tàbí èyí tó tuntun jù ú lọ bá dé pẹ̀lú ìdánwò tó ju ẹyọ kan lọ tí kò tíì parí, wọ́n á ní kó padà sílé.

Mo gbé ọkọ̀ mi lọ sí ibòmíràn lẹ́bàá Ìwó Road, níbi tí wọ́n ti ní síkánà. Kóòdù P0171 ló yọ. Ọ̀gá tó wò ó kà á lójú ẹ̀rọ, ó ní "oxygen sensor" ti kú. A lọ sí ọjà Àràròmí ní Gate, a ra ti Bẹ́ljíọ̀mù, ìyẹn èyí tí wọ́n tú lára ọkọ̀ òyìnbó, wọ́n sì pààrọ̀ rẹ̀. Iná kú. Iná sì tún padà.

Ohun tí kóòdù yẹn sọ kò tilẹ̀ dárúkọ sẹ́ńsọ̀. Kí epo bẹntiróòlù tó lè jó dáadáa nínú ẹ́ńjìnì, gíráàmù kan epo ń fẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 14.7 afẹ́fẹ́. Sẹ́ńsọ̀ tó wà lójú ọ̀nà tí èéfín ń gbà jáde kúrò nínú ẹ́ńjìnì ló ń wo bí ọ́síjìnì ti ṣẹ́ kù tó nínú èéfín, tó ń sọ fún kọ̀ǹpútà bóyá afẹ́fẹ́ pọ̀ jù tàbí epo ló pọ̀ jù. P0171 túmọ̀ sí pé kọ̀ǹpútà ti ń bu epo kún epo títí, síbẹ̀ ìròyìn tó ń gbà kò yí padà: afẹ́fẹ́ ṣì pọ̀ jù. Ó lè jẹ́ pé pọ́ǹpù epo ti rẹ̀, kò lè tì í dé bó ṣe yẹ. Ó lè jẹ́ pé ìdọ̀tí ti dí nozzle. Ó lè jẹ́ pé eruku ti bo sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn afẹ́fẹ́ lẹ́nu ọ̀nà. Ó sì lè jẹ́ pé afẹ́fẹ́ ń gba ibi tí kò yẹ wọlé, lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n. Nínú gbogbo wọn, èyí tó mú ìròyìn wá ni wọ́n yọ sọnù lára ọkọ̀ mi.

Mo máa ń rántí iṣẹ́ àwọn babaláwo bí mo bá ronú kan kóòdù yìí. Odù tó jáde lójú ọpọ́n, ẹnikẹ́ni tó bá ti kọ́ díẹ̀ lè pe orúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Babaláwo ní láti kì í, ẹsẹ kan tẹ̀lé òmíràn, títí ẹni tó wá dá Ifá yóò fi gbọ́ èyí tó bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ mu, kí wọ́n sì tún fi ìbò wádìí rẹ̀ sí i. Ẹni tó bá pe orúkọ odù tán tó sì dìde lọ ra ẹbọ kò tíì dá Ifá fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀pọ̀ nínú síkánà olówó pọ́ọ́kú tó wà káàkiri báyìí, orúkọ odù nìkan ló ń pè. Kíkì rẹ̀ wà lọ́wọ́ ènìyàn.

Oníwáyà kan tilẹ̀ sọ fún mi lẹ́yìn náà pé brain box ló bàjẹ́, kí a wá òmíràn. Owó tó pè le. Mo ní kó jẹ́ kí n ronú sí i.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó wá yanjú ọ̀rọ̀ náà ní apá Mọ́níyà ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, kò sì tíì pẹ́ tó gba fúrídọ́ọ̀mù. Kò fọwọ́ kan ọkọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ìbéèrè ló ń bi mí. Ìgbà wo ló máa ń gbọ̀n, òwúrọ̀ ni tàbí ìgbà tó bá ti gbóná? Bí mo bá tan ẹ̀rọ amúlétutù ńkọ́? Níbo ni mo ti ń ra epo? Ta ló ti fọwọ́ kàn án, kí ni wọ́n sì pààrọ̀? Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè iye tí a ó fi ra nǹkan, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má tíì ra nǹkan kan. Ẹ jẹ́ kí n mọ ohun tó ń ṣe é ná."

Ó ki síkánà tirẹ̀ bọ̀ ọ́, kóòdù kan náà ló rí, ṣùgbọ́n kò dúró níbẹ̀. Ó ṣí ojú ibi tí nọ́ńbà ti ń yí bí ẹ́ńjìnì ti ń ṣiṣẹ́. Nọ́ńbà kan wà níbẹ̀ tó ń fi iye epo tí kọ̀ǹpútà ń bù kún tàbí tó ń yọ hàn. Nígbà tí ọkọ̀ dúró jẹ́ẹ́ tí ẹ́ńjìnì ń yí, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bu ìdá kan nínú mẹ́rin kún epo tó yẹ kó lò. Ó wá ní kí n tẹná mọ́ ọn títí yíyí ẹ́ńjìnì fi dé 2500 ní ìṣẹ́jú kan, kí n sì dì í mú síbẹ̀. Nọ́ńbà náà bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀, ó wálẹ̀ títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dé òdo. Inú ọ̀dọ́mọkùnrin náà dùn. Ó ní ká ní pọ́ǹpù ló ti rẹ̀ ni, nọ́ńbà yẹn ì bá burú sí i nígbà tí ẹ́ńjìnì ń fẹ́ epo púpọ̀. Bí ó ṣe wálẹ̀ yẹn, afẹ́fẹ́ ló ń jò wọlé níbì kan: nígbà tí ẹ́ńjìnì ń fa afẹ́fẹ́ díẹ̀, èyí tó ń jò wọlé á pọ̀ lójú rẹ̀, nígbà tó bá ń fa púpọ̀, èyí tó ń jò náà kò ní tó nǹkan mọ́.

Ó mú agolo oògùn tí wọ́n fi ń fọ kabúrétọ̀, ó ń fín in díẹ̀díẹ̀ yí ojú oríkèé ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnì ká, ó sì fetí sílẹ̀. Nígbà tó dé ibì kan, ohùn ẹ́ńjìnì yí padà. Ó fín in síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i kó lè dá a lójú. Ohùn tún yí. Gásíkẹ́ẹ̀tì rọ́bà tó wà láàárín ọ̀nà afẹ́fẹ́ àti orí ẹ́ńjìnì ló ti gan, tí kò di ojú ibẹ̀ mọ́. Owó rẹ̀ kò tó ti sẹ́ńsọ̀ Bẹ́ljíọ̀mù tí mo ti rà. Ó pààrọ̀ rẹ̀, ó pa kóòdù rẹ́, ó sì sọ ohun tí mẹ́káníìkì kankan kò tíì sọ fún mi rí: "Ẹ máa wà á lọ. Iná lè má tàn fún ọjọ́ mélòó kan, ìyẹn kò sọ nǹkan kan. Ẹ padà wá kí n wo nọ́ńbà yẹn." Mo padà lọ. Ó wo nọ́ńbà, ó rí i pé ó ti dúró létí òdo nígbà tí ọkọ̀ dúró àti nígbà tó ń sáré. Ìgbà náà ló tó sọ pé ó ti tán, mo sì gbà á gbọ́, nítorí ó ti rí ohun tó fi sọ bẹ́ẹ̀. Iná náà kò tàn mọ́.

Mi ò sọ èyí láti fi àbùkù kan àwọn ọ̀gá tó ṣáájú. Àwọn mẹ́káníìkì tó tọ́ wa dàgbà mọṣẹ́ gidi. Láti ọdún 1975 tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot 504 ní Kàdúná, tí wọ́n sì ń to Volkswagen ní Èkó, etí àti ọwọ́ ni àwọn bàbá yìí fi ń tún wọn ṣe. Wọ́n á dúró lẹ́yìn ọkọ̀, wọ́n á gbóòórùn èéfín, wọ́n á ní epo ti pọ̀ jù, wọ́n á fi sukudiráfà yí ojú kabúrétọ̀ díẹ̀, ohùn ẹ́ńjìnì á sì tò. Ẹ kíyè sí i pé etí kan náà ni ọ̀dọ́mọkùnrin Mọ́níyà lò nígbà tó ń fín oògùn yí oríkèé ká. Ìmọ̀ àtijọ́ kò kú. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ọkọ̀ tí à ń kó wọlé yí padà, tí ẹnikẹ́ni kò sì ṣètò bí àwọn ọ̀gá tó ní ọmọ ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ yóò ṣe kọ́ èyí tuntun. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ á lo ọdún púpọ̀ lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀, á gba fúrídọ́ọ̀mù pẹ̀lú ayẹyẹ, ó sì lè má mọ ohun tí nọ́ńbà yẹn jẹ́ títí láé. Ó dùn mí, nítorí àwọn ọmọ yìí ní làákàyè tó pọ̀ tó láti mọ̀ ọ́n.

Àwa oníbàárà náà sì ní ọwọ́ nínú rẹ̀. Bí mẹ́káníìkì bá fi odidi ọ̀sán wádìí tó sì rí i pé ibi wáyà kan ló já, tó fi téèpù dì í, tó wá bèèrè owó, àwa la ó pariwo pé, "Kí lẹ rà? Téèpù lásán!" Ṣùgbọ́n bí ó bá fi ìṣẹ́jú díẹ̀ pààrọ̀ nǹkan ńlá kan tí kò ní àléébù, a ó sanwó láìjanpata, nítorí a fojú rí ohun tó rà. Ohun tí à ń sanwó fún ni mẹ́káníìkì ń ṣe. Níwọ̀n ìgbà tí a kò bá fẹ́ sanwó ìwádìí, wọn kò ní máa wádìí.

Ibi tí iná yìí ti ṣẹ̀ wá náà ń fún mi ní ìrònú. Ní oṣù Keje ọdún 1943, kùrukùru kan bo ìlú Los Angeles ní Kalifọ́níà. Ojú ń ta àwọn ènìyàn, ọ̀fun ń yún wọn, ogun àgbáyé sì ń lọ lọ́wọ́, débi pé àwọn kan rò pé ará Japan ló tú gáàsì olóró sórí wọn. Ó di ọdún 1950 sí òkè kí Arie Haagen-Smit, onímọ̀ kẹ́mísírì kan ní Caltech, tó fi hàn pé èéfín ọkọ̀ àti ti àwọn ilé iṣẹ́ ìfọpo ló ń di kùrukùru náà bí oòrùn bá ràn án. Wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún jà kí òfin tó dé. Láti ọdún 1975 ni wọ́n ti ń fi kátálísìtì sí ọkọ̀ tuntun ní Amẹ́ríkà, ìyẹn àpótí irin abẹ́ ọkọ̀ tí wọ́n fi platinum, palladium àti rhodium ra inú rẹ̀, kó lè máa sọ gáàsì olóró inú èéfín di èyí tí kò léwu tó bẹ́ẹ̀. Kalifọ́níà ló kọ́kọ́ pàṣẹ pé kí ọkọ̀ ọdún 1988 sókè máa ṣọ́ ohun tó ń darí èéfín rẹ̀, kó sì máa tan iná bí nǹkan bá bàjẹ́. Nítorí afẹ́fẹ́ tí ará ìlú ń fà sínú ni wọ́n ṣe dá iná yìí sílẹ̀.

Ọkọ̀ yẹn gba Kútọnu àti Àpápá wọlé tọ̀ wá wá, iná náà sì bá a wá. Ìjọba àpapọ̀ wa náà ṣe òfin lórí èéfín ọkọ̀ bẹntiróòlù àti ti dísẹ̀lì ní ọdún 2011. Ṣùgbọ́n ẹ dúró sí Ọ̀jọ́ọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, kí ẹ wo àwọn ọmọdé tó ń sáré tẹ̀lé ọkọ̀ pẹ̀lú omi inú ọ̀rá àti gúgúrú, kí ẹ wo ibi tí imú wọn bá ẹnu sàlẹ́ńsà dọ́gba. Àwọn ni iná yìí wà fún.

Màmá kan wà ládùúgbò wa, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, tí iná tirẹ̀ kò dúró sójú kan, ó ń ṣẹ́jú. Ìyàtọ̀ ńlá nìyẹn. Bí iná ṣẹ́ẹ̀kì bá ń ṣẹ́jú, ó túmọ̀ sí pé epo kan ń gba inú ẹ́ńjìnì kọjá láìjó, bóyá torí pé kọ́ìlì tàbí plọ́ọ̀gì kan ti kú, inú kátálísìtì ni epo náà sì ti ń lọ jó, tí ooru rẹ̀ á sì yọ́ inú rẹ̀. Ìgbà yẹn ni ó yẹ kí a dẹ ẹsẹ̀ lórí ìtẹná, kí a wá ibi gúnlẹ̀ sí. Àwọn mẹ́káníìkì rẹ̀ ní kí Màmá máa wà á lọ. Nígbà tó yá, ọkọ̀ náà kò lè gun òkè Mọ́kọ́lá mọ́, nítorí kátálísìtì tó yọ́ ti dí ọ̀nà èéfín. Wọ́n gé e kúrò, wọ́n fi páìpù lásán jó o, ẹni tó ń ra kátálísìtì káàkiri ọgbà mẹ́káníìkì sì san owó rẹ̀. Nítorí àwọn irin iyebíye inú rẹ̀ ni wọ́n ṣe ń rà á. Owó náà kò dé ọwọ́ Màmá. Ọkọ̀ rẹ̀ wá fúyẹ́, ó ń sáré, iná sì tàn síbẹ̀, nítorí sẹ́ńsọ̀ kejì tó ń wo èéfín lẹ́yìn kátálísìtì kò rí ìyàtọ̀ kankan mọ́ láàárín èyí tó wọlé àti èyí tó jáde. Kóòdù P0420 nìyẹn. Wọ́n tú dáṣíbọ́ọ̀dù, wọ́n yọ gílóòbù iná náà. Ó bí mi nínú, ó ṣì ń bí mi nínú. Wọ́n gba ohun ìní obìnrin yẹn, wọ́n tún gba ohun tí ì bá sọ ọ́ fún un.

Irú yíyọ yìí ló ń bà mí lẹ́rù jù lórí tòkunbọ̀. Iná airbag náà ni wọ́n máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún. Ọkọ̀ tó ti ní ìjàǹbá lókè òkun, tí airbag rẹ̀ ti bẹ́, wọ́n á rán ojú rẹ̀, wọ́n á kùn ún, wọ́n á pa iná rẹ̀, ẹni tó rà á á sì máa fi ọmọ rẹ̀ jókòó sínú rẹ̀ pẹ̀lú ìgbọ́kànlé pé nǹkan kan wà níbẹ̀ tó máa gbà wọ́n.

Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, kò sí ẹni tó ṣẹ̀ nínú mẹ́káníìkì àti ọkọ̀. Ní oṣù Kejì ọdún 2022, àwọn aláṣẹ epo ní Nàìjíríà kéde pé epo bẹntiróòlù kan tó ní methanol ju bó ti yẹ lọ ti wọ orílẹ̀-èdè wa. Methanol ní ọ́síjìnì nínú tirẹ̀, kò sì nílò afẹ́fẹ́ tó ti bẹntiróòlù. Ọkọ̀ tó bá mu irú epo bẹ́ẹ̀ lè tan P0171 láìsí pé ohunkóhun bàjẹ́ lára rẹ̀. Ẹni tó bá sáré ra sẹ́ńsọ̀ nítorí rẹ̀ ti fi owó ṣòfò. Ìdí nìyí tí ìbéèrè yẹn, "Níbo lẹ ti ń ra epo?" fi ṣe pàtàkì lẹ́nu mẹ́káníìkì.

Ẹ̀yin tí iná bá tàn lójú ọkọ̀ yín, mo bẹ̀ yín, ẹ kọ kóòdù rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó pa á rẹ́. Ẹ bi mẹ́káníìkì yín ohun tó wò kó tó mọ̀ pé ohun tó fẹ́ pààrọ̀ ló bàjẹ́, kí ẹ sì sanwó ìwádìí rẹ̀ tọ̀yàyà-tọ̀yàyà, àní bí ó bá jẹ́ téèpù ló fi parí rẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀gá tí ẹ ní ọmọ iṣẹ́ lọ́wọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ nọ́ńbà tó ń yí lójú síkánà bí ẹ̀yin ti mọ ohùn ẹ́ńjìnì. Ẹni tó bá sì fẹ́ ra tòkunbọ̀, kó yí kọ́kọ́rọ́ dé ibi tí dáṣíbọ́ọ̀dù ti ń tàn, kó má tíì ṣáná sí i. Iná ṣẹ́ẹ̀kì àti iná airbag gbọ́dọ̀ tàn nígbà yẹn, kí wọ́n sì kú nígbà tí ẹ́ńjìnì bá ti ń ṣiṣẹ́. Kó mú síkánà dání, kó wò ó bóyá àwọn ìdánwò inú kọ̀ǹpútà ti parí. Bí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò bá tíì parí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ pa ìrántí ọkọ̀ náà rẹ́ ni. Bí iná kan kò bá sì tàn rárá, kó má sanwó títí ẹni tó ń tà á yóò fi tú dáṣíbọ́ọ̀dù níṣojú rẹ̀.